Ta Ló Ti Rí Iṣẹ́ Tí A Rán? Máàkì, Ìdákẹ́jẹ́ àti Gúrúùpù Ẹbí

Ìjà ẹbí lóde òní kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lójú agbo mọ́. Orí fóònù ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé wọ́n ti gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn, pé kí ẹni tó bá wà nítòsí yọjú, kí ẹni tí kò sí nítòsí sì fi ohun tó bá ní ránṣẹ́. Ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní fọhùn. Nígbà tí gbogbo wọn bá tún fojú kanra, ọ̀rọ̀ á dé: "Ẹ rí i, ẹ ò dáhùn." "A ò rí i." "Irọ́ ni, máàkì ti yí padà." Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ Màmá á di ọ̀rọ̀ máàkì, ẹ̀gbọ́n á máa bá àbúrò yan odì, wọ́n á sì ní ìyàwó ilé ló ń gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Máàkì kékeré wọ̀nyí, tó jọ èyí tí tíṣà máa ń fi báírò pupa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn tó bá gbà, ti di ẹlẹ́rìí nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí kò yẹ kó dá sí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lójú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká sọ ohun tó ń wí gan-an, pàápàá nínú gúrúùpù, àṣìṣe pọ̀ nínú ìdáhùn wa. Ó yẹ ká mọ bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe ń rìn láti ọwọ́ ẹni tó rán an dé ọ̀dọ̀ ogún tàbí ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ká mọ ohun tí máàkì lè jẹ́rìí sí, ká sì mọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ mọ.

Àbọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun

Yorùbá kì í rán ọmọ níṣẹ́ láìretí àbọ̀. Ọmọ tí a rán sílé ìyá àgbà, tó jẹ́ iṣẹ́ náà tán tó sì gba ibẹ̀ lọ ṣeré, kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Ìgbà tó bá padà wá, tó ní "Mo ti jẹ́ ẹ, wọ́n ní kí n kí yín," ni ọkàn ẹni tó rán an tó máa balẹ̀.

Nígbà tí ìwé kíkà kò tíì wọ́pọ̀, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn lọ́nà jíjìn. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín sí okùn dúró fún ẹ̀fà, ìyẹn ni pé ọkàn ẹni tó rán an fà sí ẹni tí a rán an sí. Bí onítọ̀hún bá fẹ́ fèsì rere, ó lè sín ẹyọ mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ, pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tó rán ẹyọ mẹ́fà tí kò rí nǹkan kan gbà padà yóò máa ronú: ṣé ìránṣẹ́ ló sọnù lọ́nà ni, ṣé wọ́n gbà á tí kò yé wọn ni, àbí wọ́n gbà á, ó yé wọn, wọ́n kàn kọ̀ ni? Ìbéèrè mẹ́ta yìí gan-an ni ẹni tó ń wo máàkì lórí WhatsApp ń bi ara rẹ̀. Ẹ̀rọ lè dáhùn àkọ́kọ́. Ó lè gbìyànjú díẹ̀ lórí ìkejì. Kò mọ nǹkan kan nípa ìkẹta.

Àwọn tó wà ní yunifásítì ní nǹkan bí ọdún 2010 sí 2013 kò ní gbàgbé BlackBerry. Lórí BBM tó wà nínú fóònù yẹn, lẹ́tà D á hàn bí iṣẹ́ bá ti dé orí fóònù ẹni tí a rán an sí, lẹ́tà R á sì rọ́pò rẹ̀ bí onítọ̀hún bá ti ṣí i. Ọ̀pọ̀ ìfẹ́ ló forí ṣánpọ́n lórí D tó kọ̀ tí kò di R. Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n ti BBM pa fún ará ìlú, ṣùgbọ́n WhatsApp, tí Jan Koum àti Brian Acton dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, ti gba ipò rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ọdún kan náà tí Facebook ra iléeṣẹ́ náà, ni máàkì méjì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí àwọ̀ aró bí ọ̀rọ̀ bá ti di kíkà. Àwọn ènìyàn pariwo gan-an nígbà náà, kò sì pẹ́ tí iléeṣẹ́ náà fi gbà kí ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ pa á.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà

Ká sọ pé ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn kọ̀wé sínú gúrúùpù ẹbí tó ní ènìyàn 50, òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Fóònù rẹ̀ á kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ náà pa, ìyẹn ni pé á dà á rú débi pé kìkì fóònù àwọn tó wà nínú gúrúùpù ló lè tú u. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ṣe èyí sí gbogbo ìtàkùrọ̀sọ tó ń kọjá lórí rẹ̀, iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò sì lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí fóònù bá ti gbé e dé orí kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà á fèsì pé òun ti gbà á. Ìgbà yẹn ni máàkì kan ṣoṣo aláwọ̀ eérú á yọ. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àwòrán aago kékeré ló máa ń wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, kò tíì kúrò nílé.

Nítorí náà, máàkì kan kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí a ránṣẹ́ sí. Ó dà bí ìgbà tí a fi ẹrù lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní gáréèjì Ìwó Road, tí awakọ̀ sì ní òun ti gbà á. Ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ wa, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn náà ni pípín á bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ní láti gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn 49 tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fóònù tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á gbà á lójú ẹsẹ̀, á sì jábọ̀ láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀ pé ó ti dé. Èyí tí wọ́n pa, tàbí tí dátà rẹ̀ wà ní pípa, kò lè gbà á. Ọ̀rọ̀ náà á máa dúró dè é lórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà fún ọjọ́ 30. Bí ọjọ́ bá pé tí fóònù yẹn kò yọjú, wọ́n á pa á rẹ́, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ láé. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí fóònù rẹ̀ bàjẹ́ fún oṣù méjì, tó padà wá sọ pé òun kò rí ìkéde kan, lè máa sọ òótọ́ pọ́ńbélé.

Bí olówó fóònù bá wá ṣí gúrúùpù náà, tí ọ̀rọ̀ yẹn sì hàn lójú fóònù, àbọ̀ kejì á tún lọ, àbọ̀ kíkà. Ènìyàn 49, àbọ̀ méjì méjì: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gúrúùpù ẹbí ń bí àbọ̀ 98 tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí. Nínú gúrúùpù tó kún dé 1,024, iye tó pọ̀ jù lọ tí WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láyè lọ́dún 2022, àbọ̀ 2,046 ni. Fóònù ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà ló ń kó wọn jọ, tó ń mọ èyí tó dé àti èyí tó kù.

Ẹnì kan lè dá gbogbo máàkì dúró

Ibí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù wà. Nínú ìtàkùrọ̀sọ ẹni méjì, máàkì kejì ń sọ pé iṣẹ́ ti dé, àwọ̀ aró sì ń sọ pé wọ́n ti ṣí i. Nínú gúrúùpù, òfin mìíràn ni. Máàkì kejì kì í yọ àfi ìgbà tí iṣẹ́ bá ti dé orí fóònù gbogbo ọmọ gúrúùpù. Kì í sì í di aláwọ̀ aró àfi ìgbà tí gbogbo wọn, láìku ẹnì kan, bá ti ṣí i. Ènìyàn 48 lè ti kà á, kí wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ti gbé e lọ sí gúrúùpù mìíràn. Bí Bàbá Àgbà tó wà ní Ìlá Ọ̀ràngún bá ti pa fóònù rẹ̀ kí bátìrì má baà kú, nítorí pé iná kò sí fún ọjọ́ mẹ́ta, máàkì kan aláwọ̀ eérú náà ni ẹni tó kọ ọ́ á máa wò.

Ẹni tí kò mọ òfin yìí á rò pé kò sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ òun. Òmíràn á tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta, á sì di ẹni tó ń da gúrúùpù láàmú. Èyí tó burú jù ni ẹni tó rí máàkì kan tó sì gbà lọ́kàn pé wọ́n ti búlọ́ọ̀kì òun, pé ẹbí ti kọ òun sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, búlọ́ọ̀kì kò kan gúrúùpù: ẹni tó bá ti búlọ́ọ̀kì yín ṣì ń rí ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀, ẹ̀yin náà sì ń rí tirẹ̀.

Ìṣirò kan á jẹ́ kó yé wa bí ó ṣe ṣòro tó kí máàkì gúrúùpù ńlá yí padà. Ká ní a lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 49 yìí pé lọ́jọ́ 95 nínú 100, á tan dátà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ nídìí fóònù. Síbẹ̀, bí ìdí tí kálukú fi pa tirẹ̀ kò bá jọra, ọjọ́ tí gbogbo wọn á jọ tan án kò ju bí 8 lọ nínú 100. Àwọn ọjọ́ 92 yòókù, máàkì kan ni, kò sì sí ẹni tó kórìíra ẹnikẹ́ni.

Ẹ sì fi ipò wa kún un. Dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló sì ń tan án láàárọ̀, tí wọ́n á pa á bí wọ́n bá ti ka ìkíni tán. Àwọn fóònù mìíràn máa ń fi àwọn áàpù sùn láti dá bátìrì sí, iṣẹ́ á sì pẹ́ kó tó wọlé. Tàwọn tó wà lókè òkun tún yàtọ̀. Aago London àti ti Nàìjíríà dọ́gba nígbà ooru wọn, ó sì ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n Houston ń fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje rẹ̀yìn. Ìkéde tí wọ́n kọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Òṣogbo, aago kan tàbí méjì òru ló bá ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún. Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rárá: lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram dákú jákèjádò ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà.

Ibi tí orúkọ wà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ kì í wo máàkì nìkan. Lórí fóònù Android, ẹ fọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò títí á fi yí àwọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ lẹ́tà i tó yọ lókè, tàbí ẹ wá Info lábẹ́ ẹ̀ka tótótó mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Lórí iPhone, ẹ fi ìka fa ọ̀rọ̀ náà sí apá òsì. Ojú ewé kan á ṣí tó pín orúkọ sí ọ̀nà méjì: àwọn tó ti kà á, àti àwọn tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn tí wọn kò tíì ṣí i, pẹ̀lú aago rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú méjèèjì, iṣẹ́ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ohùn lẹ gbà sílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ tún máa rí àwọn tó ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tiyín nìkan lẹ lè ṣe èyí sí. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ẹni tó ti ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Ojú ewé yìí wúlò gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣètò nǹkan. Akọ̀wé ẹbí tí wọ́n sún ìpàdé rẹ̀ síwájú lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ lè wo àwọn tí kò tíì gbà á, kó sì pè wọ́n lórí fóònù: ènìyàn mẹ́ta dípò 49. Ìlò yìí nìkan tó láti dá ẹ̀rọ náà láre. Ìlò kejì, tí ènìyàn á fi ya àwòrán ojú ewé náà, tí á gbé e wá sójú ìpàdé láti fi ṣẹjọ́ pé "aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ kà á, Àǹtí," èmi kò rí ire kankan níbẹ̀.

Nítorí kí ni àwọ̀ aró mọ̀? Ó mọ̀ pé wọ́n ṣí gúrúùpù náà lórí fóònù kan. Kò mọ ọwọ́ tó ṣí i. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, fóònù Màmá Àgbà kì í ṣe ti Màmá Àgbà nìkan. Ọmọ ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń bá wọn tan dátà, òun ló ń fi wo fídíò, òun náà ló sì ń ṣí gúrúùpù ẹbí láti wá àwòrán ìgbéyàwó tó ti jó. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí i, ohun tó wà níbẹ̀ ti di kíkà lórúkọ Màmá. Àwọn àgbà mìíràn ń ṣí i fúnra wọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti kéré jù fún ojú wọn. Wọ́n á fi ìka fà á kọjá títí wọ́n á fi kan àwòrán tàbí ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀. Gúrúùpù tó ń gba ìkíni àárọ̀ ogún, àdúrà tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn àti fídíò mẹ́rin nípa ewé tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, lójoojúmọ́, ti bo ìkéde pàtàkì mọ́lẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tó ṣí i lálẹ́ ti ka gbogbo rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ó lè má rí ọ̀kan tó ṣe kókó nínú wọn.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ láti inú ìfitónilétí tó ń yọ lókè fóònù, láìṣí gúrúùpù, ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, máàkì kò sì ní tú u fó. Ẹni tó bá pa dátà kó tó ṣí i á kà á tẹ́rùn. Ìgbà tó bá tan dátà padà ni àbọ̀ á tó lọ.

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí ni bóyá a lè pa á pátápátá. Nínú Settings, lábẹ́ Privacy, ibì kan wà tó ń jẹ́ Read receipts. Ẹni tó bá pa á kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ìgbà tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun náà kò sì ní mọ tiwọn. Ṣùgbọ́n kò kan gúrúùpù. Nínú gúrúùpù, àbọ̀ kíkà ń lọ nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀ ohùn tí a gbọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó ti pa tirẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, tó rò pé òun ti fara sin, ń fi wákàtí àti ìṣẹ́jú han gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé sínú gúrúùpù ẹbí.

Telegram kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, máàkì kejì á yọ nínú gúrúùpù bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ṣí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn: lórí WhatsApp, máàkì méjì ń dúró de ẹni tó gbẹ̀yìn, lórí Telegram, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń mú un jáde. Signal ní tirẹ̀ gbà kí olúkúlùkù pa àbọ̀ kíkà rẹ̀, títí kan inú gúrúùpù. Ẹni tó bá kó òye ọ̀kan lọ sórí èkejì á ṣi ẹbí rẹ̀ gbọ́.

Ẹni tó rí i tí kò fọhùn

Ká wá gbà pé gbogbo rẹ̀ pé: ó dé, wọ́n ṣí i, ọwọ́ tó yẹ ló ṣí i, ó sì yé wọn. Síbẹ̀ wọ́n dákẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ á sọ pé àfojúdi ni. Nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí bí ìpàdé ẹbí ṣe máa ń rí lójú agbo. Àbúrò kì í ṣáájú ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Olórí ẹbí á sọ tirẹ̀, àwọn àgbà ọkùnrin àti àgbà obìnrin ilé á fi tiwọn kún un, kó tó kan ẹni tó kéré. Lórí fóònù, àwọn tó kéré jù ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á rí i pé wọ́n ń bèèrè irú aṣọ tí a máa lò fún ìsìnkú Bàbá, wọn ò sì ní fọhùn, torí Bùọ̀dá Àgbà kò tíì sọ nǹkan kan. Bùọ̀dá Àgbà wà nínú ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́. Orúkọ ọ̀dọ́ 15 á to jọ lábẹ́ àwọn tó ti kà á, láìsí èsì kan ṣoṣo. Ẹni tó kọ ọ́ láti òkè òkun á sì rò pé wọ́n ti fi òun ṣe ẹni ẹ̀yìn.

Owó ni ìdí kejì, bóyá òun gan-an ló tóbi jù. Wọ́n ní kí kálukú dá owó. Wọ́n á máa to orúkọ àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san síbẹ̀, wọ́n á máa tún un to bí owó bá ṣe ń wọlé. Ẹni tí wọn kò tíì san owó oṣù rẹ̀ á ṣí i lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, á wo ibi tí orúkọ rẹ̀ kò sí, á sì tún ti í pa. Kí ni kó kọ? "N kò ní" lójú ìyàwó ẹ̀gbọ́n, àna àti ọmọ tó bí? Ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni aṣọ tó rí fi bora. Ẹni tó bá wá fi aago tó kà á dá a lẹ́jọ́ ti bọ́ aṣọ yẹn lára rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣètò owó fún ẹbí, ẹ gba iye lọ́wọ́ kálukú ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì kéde àpapọ̀ nìkan. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìtìjú ló ń jẹ́ kí àwọn ahun san owó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ahun. Fún ẹni tí kò ní, ó ń lé e jáde nínú gúrúùpù ni, nígbà mìíràn nínú ẹbí.

Ọ̀rọ̀ tó ń fẹ́ èsì sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹbí rere" tí ìkéde mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀ kò ràn wá lọ́wọ́. Ìkíni àárọ̀ ni gbogbo ènìyàn á rò pé ó jẹ́. Ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ ń dúró dè pẹ̀lú àmì @, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ yíyàn láàárín ọjọ́ méjì, ẹ fi ìdìbò tó wà nínú WhatsApp láti ọdún 2022 ṣe é, kí ẹni tó ń tijú ọ̀rọ̀ lè fi ìka dáhùn. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀, tàbí ọmọ tí a ń wá, ẹ má kọ ọ́ sínú gúrúùpù kí ẹ sì jókòó máa wo máàkì. Ẹ pè wọ́n. Kí ẹni tí ẹ pè pe ẹlòmíràn.

Nọ́ńbà ẹni tó ti lọ

Ọ̀pọ̀ gúrúùpù ẹbí ló ní nọ́ńbà òkú nínú. Bàbá ṣaláìsí, wọ́n pa fóònù rẹ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Kò sí ọmọ tó ní ìgboyà láti tẹ ibi tí wọ́n ti ń yọ ènìyàn kúrò. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá kọ síbẹ̀ kò ní í ní máàkì kejì. Ìkéde ìsìnkú rẹ̀ fúnra rẹ̀, máàkì kan. Àwòrán ọmọ tuntun tí wọ́n sọ ní Babátúndé, máàkì kan. Ẹni tó bá wo ojú ewé orúkọ á rí i pé gbogbo ènìyàn ti kà á, ó ku ẹnì kan.

WhatsApp sábà máa ń pa àkáǹtì tí wọn kò lò fún ọjọ́ 120 rẹ́, àkáǹtì tó bá sì parẹ́ á kúrò nínú gbogbo gúrúùpù tó wà. Nítorí náà, ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Bàbá, ìlà kékeré kan lè yọ nínú gúrúùpù pé nọ́ńbà rẹ̀ ti kúrò. Jìnnìjìnnì lè bo ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ó dára kí ẹnì kan nínú ẹbí ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù náà lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà tí wọn kò lò fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ èyí, kí ẹnì kan máa fi káàdì sínú síìmù náà, kó sì máa fi pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohùn rẹ̀ ni kí ẹ tètè tọ́jú. Orí fóònù ẹ̀yin tó kù ni àwọn ohùn tó gbà sílẹ̀ wà, kì í ṣe orí tirẹ̀ nìkan, wọ́n á sì bá fóònù yẹn lọ bó bá sọnù tàbí tó bàjẹ́. Ẹ wọ inú gúrúùpù náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Export chat sí, ẹ yàn án pé kó kó àwòrán àti ohùn mọ́ ọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Bí gúrúùpù bá ti pẹ́, ó lè má kó gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ yan àwọn ohùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà náà, kí ọmọ méjì, ó kéré tán, ní i lọ́wọ́, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lókè òkun.